Awakọ̀ àti Fóònù Ọwọ́ Rẹ̀

Ẹni tí ó bá dúró sí Fájuyì, ní ìlú Adó-Èkìtì, ní nǹkan bí agogo méje òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, yóò rí ohun púpọ̀ wò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sí ọ̀nà Ìwòròkò, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kánjú lọ sí ibi iṣẹ́ wọn, àwọn ọlọ́jà ń ru ẹrù lọ sí Ọjà Ọba, àwọn ọlọ́kadà sì ń gba àárín gbogbo wọn kọjá bí ẹja inú odò. Bí olúwarẹ̀ bá fi ara balẹ̀ wo àwọn awakọ̀ tí ń kọjá, kò ní ṣaláì rí èyí tí ó fi ọwọ́ kan darí ọkọ̀, tí ó fi ọwọ́ kejì di fóònù mú mọ́ etí. Yóò rí òmíràn tí ó gbé tirẹ̀ lé orí itan, tí ojú rẹ̀ ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín ọ̀nà àti itan náà, bí ọmọdé tí ń jí ìwé ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ wò nígbà ìdánwò. Yóò sì rí ọlọ́kadà tí ó ki fóònù bọ inú akoto, tí ó ń fi ohùn òkè bá ẹnìkan ní Èkó jiyàn lórí owó iṣu.

Ibi tí nǹkan wọ̀nyí ti ń ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ibi lásán. Orúkọ Adékúnlé Fájuyì, ọmọ bíbí Adó-Èkìtì, ọ̀gágun tí ó ṣe gómìnà ológun fún Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ni a fi sọ àdúgbò náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1966, nígbà tí àwọn ọmọ-ogun ọlọ̀tẹ̀ wá mú olórí ìjọba, Aguiyi-Ironsi, tí ó jẹ́ àlejò rẹ̀ ní Ìbàdàn, àwọn méjèèjì ni wọ́n kó lọ, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì pa. Ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ fún ọmọ títí di òní ni pé Fájuyì kò gbà láti fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀ kí ó gba ara rẹ̀ là. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó wọ ọkọ̀ jẹ́ àlejò awakọ̀: ó ti san owó tirẹ̀, ó ti jókòó, ó sì ti fi ẹ̀mí rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Awakọ̀ tí ó ń ka lẹ́tà lórí fóònù nígbà tí ènìyàn mẹ́rin jókòó nínú ọkọ̀ rẹ̀ ti fi àwọn àlejò rẹ̀ sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ ṣì wà lórí àga.

Fóònù alágbèéká kò tíì pẹ́ púpọ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Títí di òpin ọ̀rúndún tí ó kọjá, ilé olówó àti ọ́fíìsì ni a ti sábà ń rí tẹlifóònù, okùn sì ni a fi so ó mọ́ ògiri. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni àwọn ilé-iṣẹ́ MTN àti Econet bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìlà alágbèéká fún ará ìlú. Kò sì pẹ́ tí aláta, bíríkìlà àti akẹ́kọ̀ọ́ fi ní tiwọn. Ohun rere ni. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní Kánò kò tún fi oṣù méjì retí lẹ́tà mọ́, àgbẹ̀ sì lè mọ iye tí wọ́n ń ta ọjà ní ìlú kí ó tó di ẹrù. Ṣùgbọ́n tẹlifóònù tí okùn so mọ́ ògiri kò lè bá ènìyàn wọ ọkọ̀. Èyí tí ó wọ àpò ni ó bá a wọ̀ ọ́, ó sì bá ewu mìíràn tí ó ti wà ní ojú pópó tipẹ́.

Ikú ojú pópó kì í ṣe ohun tí fóònù bí. Ní àwọn ọdún tí Wọlé Ṣóyínká ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́, èyí sì wà lára ohun tí ó mú un dìde tí a fi dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà, ní 1977. Ní oṣù Kejì ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà, Ṣóyínká kan náà ni ó sì kọ́kọ́ ṣe alága ìgbìmọ̀ rẹ̀. Eré àsápajúdé, ọtí àmupara àti táyà tí ó ti jẹ ni wọ́n ń bá jà ní ọjọ́ wọ̀nyẹn. Kò sí ẹni tí ó rò ó pé awakọ̀ yóò máa kọ lẹ́tà lórí ìrìn.

Lónìí, ó ti wọ ìwé òfin. Òfin ìrìnnà ojú pópó ilẹ̀ yìí ka lílo fóònù nígbà tí a bá ń wakọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Nínú ìwé ẹ̀ṣẹ̀ àti ìtanràn tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tẹ̀ jáde, 4,000 náírà ni ẹni tí ó bá jẹ̀bi yóò san, àmì ìjẹ̀bi 4 ni wọn yóò sì kọ sí orúkọ rẹ̀. Bí àmì bẹ́ẹ̀ bá pé 10 sí 14, ìkìlọ̀ ni. Bí ó bá di 15 sí 20, wọn yóò gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà kan. Bí ó bá di 21 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn yóò fagi lé ìwé náà pátápátá. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ìrìnnà tirẹ̀ ní 2012, òun náà sì kọ fóònù fún awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ ń lọ.

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni ó ń ráhùn sí òfin yìí. Wọ́n ní ọgbọ̀n ọdún ni àwọn ti fi ń wakọ̀, kò sì sí ọ̀nà tí àwọn kò mọ̀. Wọ́n ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré ni àwọn fi ń wo ẹni tí ó pè. Ó dára kí a gbé ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún náà lé orí ìwọ̀n. Ọkọ̀ tí ó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ ní mítà 22 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ó ti lọ ní mítà 111. Pápá bọ́ọ̀lù tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń gbá ìdíje ife-ẹ̀yẹ àgbáyé kò gùn ju mítà 105 lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó ní òun kàn fi ojú wò ó fìrí ti la pápá kan já láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, bí afọ́jú. Àní bí ó bá ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ láàárín ìlú, ní 50 kìlómítà ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta yóò gbé e kọjá mítà 41. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ sọdá ní Ìjìgbò kò nílò tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó bọ́ sí abẹ́ ọkọ̀. Ọgbọ̀n ọdún tí awakọ̀ ti fi wakọ̀ kò sì dín ẹyọ mítà kan kù nínú rẹ̀.

Ohun tí awakọ̀ náà ń ṣe kò ṣàjèjì sí ará Èkìtì, ẹni tí iyán jẹ́ oúnjẹ rẹ̀. Nígbà tí ènìyàn méjì bá ń gún iyán pọ̀, tí ọmọ odó ń gòkè tí ó ń sọ̀ kalẹ̀, tí ẹnìkan sì ń fi ọwọ́ yí iyán náà padà nínú odó, ojú ẹni tí ó ń yí i kì í kúrò níbẹ̀. Ó lè máa sọ̀rọ̀, ó lè máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá pè é láti ìta, kò ní wo ìta kí ó tó mú ọwọ́ kúrò. Bí ó bá wo ìta, ìka rẹ̀ ni yóò san án. Kò sí ìyá kan ní Èkìtì tí yóò gbà kí ọmọ rẹ̀ máa yí iyán kí ó sì máa ka lẹ́tà. Síbẹ̀, odó kan, ọwọ́ kan ni ewu iyán. Ewu ọkọ̀ a máa kan ẹni tí kò sí nínú ọkọ̀ náà rárá.

Àwọn ọlọ́gbọ́n ti wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1997, àwọn onímọ̀ méjì ní Toronto, ní ilẹ̀ Kánádà, ṣe àyẹ̀wò awakọ̀ 699 tí wọ́n ní fóònù, tí ọkọ̀ wọn sì ti forí sọ nǹkan. Wọ́n fi àkókò ìjàǹbá wé àkókò tí ìwé ilé-iṣẹ́ fóònù sọ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀. Wọ́n rí i pé nígbà tí ènìyàn bá ń lo fóònù, ewu ìjàǹbá a máa di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Èyí kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu púpọ̀. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé àwọn tí wọ́n ń lo irú fóònù tí kò gba ọwọ́ kò sàn ju àwọn tí wọ́n fi ọwọ́ dì í mú lọ. Ọwọ́ wọn wà níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn wọn ti lọ.

Ibí yìí ni ó yẹ kí ènìyàn ti dúró díẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ òfin ní ayé, àní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ọwọ́ ni wọ́n dì, wọn kò di etí. Awakọ̀ tí ó bá fi nǹkan há etí tí ó sì ń sọ̀rọ̀ lọ rò pé òun ti pa òfin mọ́, ó sì rò pé ewu ti tán. Yóò tún béèrè pé, ‘Ẹni tí ó jókòó tì mí ńkọ́? Ṣé òun náà kò gbọdọ̀ bá mi sọ̀rọ̀ ni?’ Ìbéèrè tí ó ní làákàyè ni, ó sì ní ìdáhùn. Ẹni tí ó jókòó ti awakọ̀ ń wo ọ̀nà kan náà tí awakọ̀ ń wò. Nígbà tí wọ́n bá dé ibi tí ọ̀nà ti lọ́ mọ́ òkè ní agbègbè Ẹ̀fọ̀n Aláayè, tí ọkọ̀ akẹ́rù sì yọ níwájú, òun fúnra rẹ̀ yóò dákẹ́, bóyá yóò tilẹ̀ pariwo, ‘Ẹ rọra o!’ Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà ní Èkó, tí ó ń pè lórí fóònù, kò rí òkè, kò rí ọkọ̀ akẹ́rù. Àárín ìgbà tí awakọ̀ bá nílò gbogbo ọkàn rẹ̀ gan-an ni yóò máa béèrè pé, ‘Ẹ kò tíì dá mi lóhùn?’ Ó yẹ kí òfin di ọwọ́ mú gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe, nítorí pé ọwọ́ ni ọlọ́pàá lè rí. Àṣìṣe ni kí ènìyàn rò pé ibi tí ojú ọlọ́pàá mọ ni ewu mọ.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de fóònù ọwọ́ fún awakọ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2003. Ìtanràn wọn kéré nígbà náà, 30 pọ́n-ùn péré, ọ̀pọ̀ kò sì kà á sí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, wọ́n sọ ọ́ di 200 pọ́n-ùn pẹ̀lú àmì ìjẹ̀bi 6. Ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì tí ó gba ìwé àṣẹ àkọ́kọ́ yóò pàdánù ìwé náà bí àmì 6 bá wọ orúkọ rẹ̀, a jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré tí ó fọwọ́ kan fóònù ti tó. Nígbà tí àwọn kan wá ń jiyàn ní kóòtù pé àwọn kò pe ẹnikẹ́ni, pé àwòrán ni àwọn ń yà, wọ́n tún òfin náà ṣe ní oṣù Kẹta ọdún 2022, ó sì di pé ohunkóhun tí awakọ̀ bá fi fóònù ọwọ́ rẹ̀ ṣe, ẹ̀ṣẹ̀ ni, àfi ìwọ̀nba díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì tí wọ́n ń gbé Lọ́ńdọ̀nù kò jẹ́ fọwọ́ kan fóònù nínú ọkọ̀ níbẹ̀. Bí àwọn kan nínú wọn bá wá sílé fún ọdún Kérésìmesì, kí wọ́n tó dé Ìkẹ́rẹ́ ni fóònù ti wà ní etí. Ènìyàn kan náà ni, ẹ̀rọ kan náà ni.

Èyí ni ó fi hàn pé iye owó ìtanràn nìkan kọ́ ni ó ń mú òfin múlẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé kí a sọ 4,000 náírà di ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún. Bí a bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọlọ́lá yóò san án bí ẹni tí ó ra omi mu, talaka yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ létí ọ̀nà. Níbi tí ẹ̀bẹ̀ bá sì ti pọ̀ jù, owó abẹ́lẹ̀ kì í jìnnà. Àmì ìjẹ̀bi yàtọ̀. Olówó kò ní ju ìwé àṣẹ ìwakọ̀ kan lọ, gẹ́gẹ́ bí talaka kò ti ní ju kan lọ. Bí a bá ń kọ àmì náà sílẹ̀ lóòótọ́, tí a kò ka ti ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń fọn fèrè gòòrògò kọjá láàárín ìlú sí ọ̀tọ̀, ẹ̀rù rẹ̀ yóò ju ti owó lọ. Ó sì yẹ kí ọwọ́ ẹni tí ó wọ aṣọ ìjọba mọ́ kí ó tó dá ẹlòmíràn dúró. Ẹ̀ṣọ́ tí ó fi ọwọ́ kan dá ọkọ̀ dúró, tí ó fi ọwọ́ kejì di fóònù tirẹ̀ mọ́ etí, ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́ tún wà níbẹ̀. Ọlọ́kadà tí oníbàárà ń pè, bí kò bá gbé e, ẹlòmíràn ni yóò gbé oníbàárà náà. Òótọ́ ni, kì í sì í ṣe ohun tí ó yẹ kí a fi ṣẹ̀rín. Òfin kò ní kí ó má gbé e. Ó ní kí ó dúró kí ó tó gbé e. Ṣùgbọ́n níbo ni yóò dúró sí? Ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà Èkìtì, etí títì kò ní ààyè. Gọ́tà ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, òkè tàbí igbó ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹni tí ó bá dúró lójijì ní irú ibẹ̀ lè fa ìjàǹbá tí òfin náà fẹ́ dènà. Nítorí náà, ìjọba tí ó ní kí awakọ̀ dúró kí ó tó dáhùn jẹ ẹ́ ní gbèsè ibi ìdúró. Bí a bá ń la ọ̀nà tuntun tí a ń fẹ ti àtijọ́, kí á la ààyè kékeré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní jíjìn díẹ̀ síra. Títí di ìgbà náà, ẹni tí kò bá rí ààyè kò ní ọ̀nà mìíràn ju kí ó jẹ́ kí fóònù náà máa dún lọ.

Kí fóònù máa dún kí a má gbé e, èyí gan-an ni ó ṣòro fún ọmọ Yorùbá. Bí bàbá ìyàwó ẹni bá pè, tí a kò gbé e, àfojúdi ni. Bí a bá gbé e, a kò lè sọ pé ‘Mò ń wakọ̀’ kí a sì pa á, nítorí pé ìkíni kò tíì bẹ̀rẹ̀. Wọn yóò béèrè ilé, wọn yóò béèrè ọ̀nà, wọn yóò béèrè àwọn ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a óò sì kí wọn kú òjò, kú oòrùn, kú ìnáwó ọjọ́sí, kí wọ́n tó wá sọ ìdí tí wọ́n fi pè. Ìwà ọmọlúàbí ni, kò sì sí ẹni tí ó ní kí a pa á tì. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn àgbà dá àṣà ìkíni sílẹ̀, ìdúró àti ìkúnlẹ̀ ni wọ́n fi ń kí ara wọn. Kò sí ẹni tí ó ń kí àna rẹ̀ ní ìgbà tí ó ń sáré. Òfin yìí sì ṣe ohun kan tí àwọn tí ń ráhùn sí i kò tíì rò: ó fún ọmọ ní àwáwí tí àgbà kankan kò lè bínú sí. Ẹni tí kò gbé fóònù àna rẹ̀ ní àárọ̀ lè sọ ní ọ̀sán pé, ‘Ẹ dákun, bàbá, orí ìrìn ni mo wà, òfin kò sì gbà á,’ ọ̀rọ̀ yóò sì parí síbẹ̀. Ẹni tí ó ń pè náà ní ojúṣe tirẹ̀. Kí ó tó kí ẹnikẹ́ni kú òjò, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè pé, ‘Ṣé kì í ṣe pé ẹ ń wakọ̀ lọ́wọ́?’ Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ó pa á.

Ó wá ku ọmọ tí ó jókòó nínú ọkọ̀. Ọmọdé kì í bá àgbà wí, bí bàbá bá sì gbé fóònù lórí ìrìn, ọ̀pọ̀ ọmọ a máa wo ojú fèrèsé, wọn a máa fi ọkàn gbàdúrà. Síbẹ̀, ọ̀nà wà tí ọmọ lè gbà sọ ọ́ tí kò ní jẹ́ ìwọ̀sí. Ọmọbìnrin kan tí bàbá rẹ̀ ń gbé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ láti Básírí, tí fóònù bàbá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí itan rẹ̀, lè na ọwọ́ méjèèjì kí ó sì wí pé, ‘Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e.’ Bàbá tí ó ní ìfẹ́ ọmọ kò ní sọ pé rárá. Yóò gbé e lé e lọ́wọ́, ojú rẹ̀ yóò padà sí ọ̀nà, ọmọ náà yóò sì fi fóònù sí etí, yóò kúnlẹ̀ nínú ohùn rẹ̀ bí kò tilẹ̀ lè kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀: ‘Ẹ káàárọ̀ mà. Bàbá wà níbí, wọ́n ń wakọ̀ lọ́wọ́ ni. Wọ́n ní bí a bá ti dúró, àwọn yóò pè yín padà.’